Bí Níkẹ́ Ṣe Gba Ítálì Dé Ìkirè

Ládépọ̀ Mákánjúọlá kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó yẹ ká tètè sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe fún àkọ́bí rẹ̀ lè máà fẹ́ gbọ́ ìyókù. Ọmọ Ìkirè ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì le. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè gbà mọ́ra: kí ènìyàn máa sunkún níwájú òun. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, yóò rántí pé epo ti fẹ́ tán nínú mọ́tò. Bí ọmọ ìkókó bá figbe ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ládépọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde bọ́ síta, kì í sì í ṣe òun ló bí i.

Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ní Pasadena, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òórùn èéfín ti máa ń bá òṣìṣẹ́ wọlé. Iṣẹ́ àṣegbà ni. Ọ̀sẹ̀ yìí lè jẹ́ ti òwúrọ̀, kí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́ ti òru. Tó bá kúrò níbẹ̀, yóò tún gba ilé ẹ̀kọ́ lọ, torí ìwé ẹ̀rọ ló gbé e wá sí Houston. Mojọlá, ìyàwó rẹ̀, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láàárín àwọn méjèèjì ni Ọmọ́níkẹ́ wà, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí gbogbo ayé ń pè ní Níkẹ́. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń jáde lọ, níwájú ilé, nígbà míì láì pa mọ́tò.

Ọjọ́ kan wà tí kálukú wọn rò pé ẹnì kejì ló máa lọ mú un níbi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Ládépọ̀ fi débẹ̀, wọ́n ti pa iná, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, tó jókòó ti Níkẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ọmọ náà sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà ní Yorùbá. Olùkọ́ náà kàn wo Ládépọ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìkirè ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn ènìyàn wa ní Houston nígbà náà, kì í ṣe ohun tuntun pé kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé. Ọmọ yóò gbọ́ èdè, yóò gbẹ̀kọ́, àwọn òbí yóò sì ráyè kàwé jáde, kí wọ́n tó lọ mú ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ìkà. Ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ìyá Ládépọ̀, opó kan tó ń ránṣọ ní Ìkirè, sì ti ń tọrọ ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún méjì péré ni tọkọtaya náà fẹnu kò sí.

Múyìwá, ọ̀rẹ́ Ládépọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló mú ọ̀rọ̀ Ítálì wá.

"Ṣó o mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Rome lọ Lagos, ẹ lè stop over níbẹ̀ fún one week?" ló wí. "Rent mọ́tò, kó o gbé ọmọ yẹn jáde dáadáa. Ìgbà wo lẹ tún máa jọ wà pọ̀?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wọ Ládépọ̀ lára. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní bí òun bá kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní ìgbádùn tó kún, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní korò tó bẹ́ẹ̀. Àwa àgbà la máa ń bá ọmọdé ro irú èrò yìí. Ọmọdé kò rán wa níṣẹ́.

Mọ́tò tí wọ́n háyà ní Róòmù kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ, onígíà ọlọ́wọ́ sì ni. Mọ́tò Houston tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ ti ba Ládépọ̀ jẹ́. Kí wọ́n tó jáde nílùú, mọ́tò náà ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní oríta bí ẹ̀ẹ̀melòó kan, àwọn ará Róòmù sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn bí ẹni pé ogun dé. Òógùn bo Ládépọ̀. Níkẹ́ ní tirẹ̀ jókòó sẹ́yìn lórí báàgì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Daddy, ó tún ti kú," á ní. "Talk to it nicely, ó máa jí."

Ládépọ̀ yóò sì bẹ mọ́tò náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ní Yorùbá, bí ẹni ń bẹ àna. Tó bá ti jí, ẹ̀rín Níkẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Gẹgẹgẹ ni ẹ̀rín náà máa ń lọ, a sì máa já lójijì nígbà tí èémí bá tán nínú rẹ̀. Mojọlá kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà.

Ọkùnrin tó ń sáré lórí freeway Houston lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀rù títì ńlá ìlú àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, ojú ọ̀nà kéékèèké ni wọ́n gbà lọ sókè, láàárín àwọn ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òkè bí Ìdànrè ayé àtijọ́. Mojọlá ló ń wo máàpù, ó sì máa ń yí i lódì nígbà míì, wọn a wá bá ara wọn nínú ọgbà àjàrà ẹni ẹlẹ́ni. Wọn a jẹ búrẹ́dì àti tòmátì lábẹ́ igi ólífì. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá dé ni Níkẹ́ ti ń béèrè áísìkirímù, gbogbo ìlú ni bàbá rẹ̀ sì ń rà á fún un. Nígbà tí wọ́n dé Písà, ó wo ilé gogoro tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé wọn ò lè tì í dìde ni?" ló bi ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n abúlé kan wà kí wọ́n tó dé ibẹ̀, nísàlẹ̀ Siena. Àwọn ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ dúdú jókòó síwájú ilé, wọ́n juwọ́ pe Níkẹ́. Wọ́n fi orí ìka kan irun tí Mojọlá di fún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn wọlé, ó mú èso píìṣì kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Níkẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà." Ẹnu ya àwọn ìyá náà, wọ́n sì pariwo ẹ̀rín.

Ìyá tó fún un ní èso náà wá na ìka kan sókè sí Mojọlá, bí ẹni ń béèrè pé, ọ̀kan ṣoṣo? Mojọlá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó na ìka mẹ́rin, ó sì fi ọwọ́ júwe ọ̀nà jíjìn. "America," ló ní. Lẹ́yìn náà ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ó fa Níkẹ́ mọ́ra, ó dì í mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nínú mọ́tò, Mojọlá gbé Níkẹ́ lé ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní etí òkun tó wà lẹ́yìn Písà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́. Níkẹ́ ń gbẹ́ iyanrìn, ó ń to ètò ayé rẹ̀.

"Tá a bá ti kí Grandma tán, a máa go home, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

"All of us?"

"Gbogbo wa la jọ ń padà."

Kò sí ẹni tó lọ́ ọ lápá kó tó sọ ọ́. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀, ó lè ní ká ṣì máa wò ó. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà wà lára rẹ̀, irọ́ sì rọrùn. Níkẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì padà sídìí iyanrìn rẹ̀.

"Bàbá Níkẹ́," Mojọlá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká sọ fún un. Ibí yìí gan-an ló dáa ká ti sọ fún un. Tó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún lọ́wọ́ wa."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin? Kí ló fẹ́ yé e níbẹ̀? Tá a bá sọ ọ́ báyìí, ẹkún ló máa sun dé Lagos. Ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé nǹkan, ìyàwó mi. Kó tó di oṣù kan, ó ti gbàgbé."

"Ṣé òun lẹ ń rò, àbí ara yín?"

Ládépọ̀ dìde, ó gbọn iyanrìn lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo táyà mọ́tò. Kò sí ohun tó ṣe táyà.

Wọ́n dé Ìkirè ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Màmá fi ayọ̀ pa adìyẹ. Ó rán búbá kékeré fún Níkẹ́ nínú aṣọ tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ oníbàárà, ọmọ náà sì bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi pupa fún ilẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àtilọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Ládépọ̀, ẹ má jẹ́ kó rí yín o. Ẹ kàn yọ́ lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tìẹ náà ṣe fi ẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi lọ́jọ́ kìíní àná. Ṣó o kú ni?"

Ládépọ̀ kò rántí ọjọ́ náà rárá, ìyẹn sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọmọdé máa ń gbàgbé. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun ti kó ìbẹ̀rù ẹkún tó wà lára òun.

Ní ọ̀sán tí wọ́n lọ, ewúrẹ́ aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Màmá fa Níkẹ́ lọ́wọ́ lọ wò wọ́n. Ládépọ̀ ti sọ fún onítakisí pé kó dúró lójú títì, kó má wọ àdúgbò, kí ọmọ náà má baà gbọ́ ìró mọ́tò. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n rìn gba ẹ̀yìn ilé bí olè, nínú ilé tí wọ́n ti bí Ládépọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aládùúgbò yẹn, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín Níkẹ́ láti òdìkejì, gẹgẹgẹ, ó já. Mojọlá dúró. Ládépọ̀ fà á lọ́wọ́. Títí wọ́n fi dé Lagos, títí wọ́n fi dé Houston, ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọdún méjì ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ènìyàn ń pète, ayé náà ń pète tirẹ̀. Iye epo rọ̀bì já wálẹ̀, Houston sì gbẹ bí odò ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo dá Ládépọ̀ àti Múyìwá dúró lọ́jọ́ kan náà. Ó wa takisí, ó ṣe ọlọ́dẹ níwájú ilé gíga kan ní àdúgbò Spring, ìwé tó yẹ kó kà tán sì di ohun tí ó ń kà lábala lábala. Ìwé ìgbélùú wọn kò pé mọ́. Ẹni tó bá jáde lè má rí ọ̀nà wọlé padà, nítorí náà wọn kò lè lọ wo ọmọ wọn. Mojọlá yege nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì tún bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Lará. Níkẹ́ gan-an lè wọ Amẹ́ríkà nígbà tó bá wù ú, ibẹ̀ ni wọ́n kúkú bí i sí. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni bàbá rẹ̀ ń sọ pé ká jẹ́ kí nǹkan rọ̀ díẹ̀ ná. Ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan kì í rọ̀ tán.

Wọ́n máa ń pè é lórí fóònù, nígbà tí Màmá bá mú un lọ sílé ìbátan kan ní Ìbàdàn. "Ẹ kú iṣẹ́ sà," ni ọmọ náà á wí. Lẹ́yìn náà, Ládépọ̀ á gbọ́ tó ń bi ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni kí n tún sọ?"

Kí ìwé wọn tó pé, ó di ọdún 1989. Wọ́n ti háyà ilé kan ní Stafford, lẹ́bàá Houston, nígbà náà. Ládépọ̀ fúnra rẹ̀ kun yàrá kan ní àwọ̀ òféfèé bí ojú ọ̀run, ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ bá àwọn olùkọ́ ilé ìwé àdúgbò sọ̀rọ̀. Màmá ló mú un ní dandan pé kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀. "Tó bá wù ú kó dúró," Màmá ní, "kí ti àbọ̀ ṣòfò." Ládépọ̀ gbà tayọ̀tayọ̀. Gbogbo àdúrà rẹ̀ lọ́dún náà ni pé kí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ yẹn ṣòfò. Ó fẹ́ kí ọmọ òun padà di ọmọ òun.

Níkẹ́ bá Bọ́lá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan tó lọ sílé, dé nínú oṣù kẹfà. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ga bíi bàbá rẹ̀, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mojọlá ti la apá rẹ̀ méjèèjì. Láàárín èrò pápákọ̀ òfurufú, ọmọ náà fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ káàsán mà."

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Èyí kò ṣípá. Ọwọ́ Mojọlá rọra wálẹ̀, ó fi kan ọmọ náà léjìká, ó ní, "Dìde, ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó pásítọ̀ ni ọmọ rẹ̀ kí i yẹn.

Àlejò tó dára ni Níkẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó jí, ó ti gbá ilẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọwo wà, ọwọ́ ló fi ń fọ àwo. Bí bàbá rẹ̀ bá wọ yàrá, á dìde dúró bí ẹni rí olùkọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn ń yìn ín. "Mákánjúọlá, ọmọ yìí mà gbẹ̀kọ́ o. Àwọn ọmọ wa níbí, wọn ò mọ how to greet." Ládépọ̀ á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, ìyìn náà á sì máa ta á bí iyọ̀ lójú egbò. Ó ń wojú ọmọ náà bóyá á bínú, bóyá á kọ oúnjẹ, bóyá á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan.

Lará nìkan ló rí ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Lará, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń tọ̀ kiri láàárọ̀ lálẹ́, tó ń pè é ní "Sister mi." Níkẹ́ ń di irun fún un, ó ń pa àlọ́ fún un, Lará á sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró láàárín àlọ́. Ládépọ̀ máa ń dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín tó ń ti yàrá òféfèé náà jáde. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín náà á dá, Níkẹ́ á sì dìde.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìsinmi parí, ó mú un, òun nìkan, lọ sí etí òkun Galveston. Mọ́tò wọn ti rìn jìnnà kó tó rí ẹnu la.

"Níkẹ́, ṣó o rántí Italy?"

"Mo rántí sà. Mọ́tò yẹn máa ń kú."

Inú Ládépọ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀nà ti là.

"Mo rò pé ibẹ̀ lẹ padà sí ni," ni Níkẹ́ wí.

"Ibo?"

"Italy, sà. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá ní ẹ lọ ra búrẹ́dì lójú títì. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tó yá, mo rò pé búrẹ́dì ò lè jìnnà tó yẹn. Mo wá ní bóyá ẹ ti padà lọ máa wa mọ́tò kiri ní Italy. Mo rò pé torí mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín tó bá ti kú ni ẹ ò ṣe mú mi." Ó yíjú wo bàbá rẹ̀, ó sì tètè fi kún un pé, "Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sà."

Ó ń tù ú nínú ni. Ọmọ ọdún méjìlá ló ń tu bàbá rẹ̀ nínú. Ládépọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa mọ́tò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti Ládépọ̀ kò tilẹ̀ pé ogún.

"Mo purọ́ fún ẹ," ló wí. "Létí òkun yẹn, nígbà tí mo ní gbogbo wa la jọ ń padà, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá ẹ fẹ́ ká sọ fún ẹ. Èmi ni mo kọ̀. Mi ò lè dúró gbọ́ ẹkún ẹ, ìdí tí mo fi sá lọ nìyẹn. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Má bínú, ọmọ mi."

"Kò burú sà."

Ì bá sàn fún un kí ọmọ náà jágbe mọ́ ọn. Ládépọ̀ wá béèrè ohun tó tìtorí ẹ̀ mú un jáde.

"Ṣé wàá dúró tì wá? School ti wà nílẹ̀. Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀."

"Ṣé kí n sọ òótọ́ sà?"

"Sọ ọ́."

"Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Màmá. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, wọ́n bi mí pé ṣé màá padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ojú bàbá rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ládépọ̀ lè kọ̀. Òun ni bàbá, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, níbi tó ti lè fà á ya. Ó sọ èyí fún Mojọlá nígbà tó ń múra ibi iṣẹ́. Mojọlá kò sunkún. Ó ti sun tirẹ̀ tán lọ́dún tó ti pẹ́.

"Ó ń dùn mí ju bó ṣe ń dùn yín lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan la ti fi ipá yàn fún un. Tá a bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, a ò ní rí i mọ́, bó tilẹ̀ ń gbé inú ilé yìí."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ládépọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá òféfèé lọ́jọ́ yẹn, ó bú ara rẹ̀, ó bú Múyìwá, ó bú epo rọ̀bì. Kò sí èyí tó dá ọdún kan padà nínú ọdún mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ tí Níkẹ́ lọ, gbogbo wọn ló sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Lará ń fò sókè sódò, torí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé wọ́n ń lọ wo bàálù. Kò sí ẹni tó sọ ohun mìíràn fún un. Nígbà tí wọ́n kéde pé kí àwọn èrò máa bọ̀, Ládépọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọ kékeré náà.

"Lará, wá, jẹ́ ká lọ ra ice cream."

Ohun rere ló rò pé òun ń ṣe. Ó ti fà á lọ́wọ́, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan, kó tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mú un lọ."

Láti oṣù kẹfà, Níkẹ́ kò tíì tako bàbá rẹ̀ rí. Ó gba ọwọ́ Lará lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ojú wọn ṣe déédéé.

"Lará, mò ń lọ sọ́dọ̀ Màmá. Bàálù ló ń gbé mi lọ báyìí. O ò ní bá mi lọ. Tó o bá jí lọ́la, mi ò ní sí nílé."

Lará wo bàbá rẹ̀ bóyá eré ni. Bàbá rẹ̀ kò lè wò ó lójú. Ni ọmọ náà bá la ẹnu, ẹkún sì jáde, ẹkún tó mú kí àwọn èrò yíjú, tó mú kí ọkùnrin kan tó gbé ife kọfí sẹ́nu dúró bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Ládépọ̀ ti ń wá ọ̀nà. Ó ti ń wo apá ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Mojọlá di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró," ló ní.

Ó dúró. Níkẹ́ gbá Lará mọ́ra. Kò ní kó dákẹ́, kò sì ṣèlérí nǹkan kan fún un. "Sun ún," ló ń sọ sí i létí. "Mo wà níbí. Sun ún." Nígbà tó yá, èjìká òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó fi ojú pamọ́ sínú irun ọmọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ rí ẹkún rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin nìyẹn, kì í sì í ṣe òun ló ń sun ún fún.

Ẹkún Lará wá di òsúkè. Ó fi aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu imú.

"Will you call me?"

"Tí Màmá bá mú mi lọ Ìbàdàn, màá pè ẹ́. Mi ò mọ ọjọ́ náà."

"Okay," ni Lará wí.

Níkẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé. Lará juwọ́ sí i títí kò fi rí i mọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn bàálù tó wà lẹ́yìn gíláàsì.

Ládépọ̀ ṣì dúró sójú kan. Ọkùnrin yẹn ti gbé ife rẹ̀ sẹ́nu padà, kọfí náà ṣì ń rú èéfín. Ẹkún ti bẹ̀rẹ̀, ẹkún ti tán, kọfí kò tíì tutù. Ohun tí òun sá fún láti ọdún mẹ́jọ nìyẹn, kò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.